Iná Ìkọyẹ̀rì àti Ohun Mímu Wa: Ọ̀nà Tí A Fi Ń Pa Kòkòrò Àìfojúrí Láìse Ohun Mímu

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ ohun tí olúkúlùkù wa ń fi sẹ́nu: wàrà, omi ọsàn, ẹmu, àti irú wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn kò gùn. Ǹjẹ́ a lè pa kòkòrò tí ń ba ohun mímu jẹ́, àti èyí tí ń fi àìsàn ṣe ẹni tí ó mu ún, láìjẹ́ pé a gbé ohun mímu náà kaná? Ìdáhùn mi ni pé a lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ yìí gan-an ni ó yẹ kí àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ olóoru mọ̀ dájú, kí ẹnikẹ́ni má baà ta ẹ̀rọ fún wa bí ẹni ta oògùn gbogbonìṣe.

1. Iná ìdáná àti ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa

Láti ìgbà láéláé ni ọmọ aráyé ti mọ̀ pé ohun tí a bá sè kì í tètè bàjẹ́. Ìyá tí ń gbé ọbẹ̀ àná kaná ní òwúrọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdí abájọ rẹ̀ kò yé ayé títí di àárín ọdún 1860 sí 1870, nígbà tí Louis Pasteur, ará Faransé, fi hàn pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ba wáìnì jẹ́, àti pé bí a bá mú wáìnì náà gbóná níwọ̀nba, láìjẹ́ kí ó hó, àwọn ohun abẹ̀mí wọ̀nyí yóò kú. Orúkọ rẹ̀ ni ayé fi ń pe ọ̀nà náà títí di òní.

Wàrà màlúù ni a sábà máa ń mú gbóná dé 72°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Èyí tí a fẹ́ kí ó pẹ́ nínú páálí láìsí ẹ̀rọ amómitutù ni a ń mú gbóná dé 135°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Kò sí àní-àní pé ọ̀nà yìí ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là lọ́wọ́ ikọ́ ife àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí ń ti inú wàrà tútù wá. Ẹni tí ó bá ń fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú iná ìdáná kò mọ ìtàn.

Síbẹ̀, iná kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Omi ọsàn tí ó ti rí iná kò ní òórùn omi ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mọ́. Ooru a máa dín fítámì C kù, a sì máa yí àwọ̀ èso padà. Ẹni tí ó bá ti mu ẹmu òwúrọ̀ ní ìdí ọ̀pẹ, tí ó sì tún mu ẹmu inú ìgò tí a ti mú gbóná, mọ̀ pé orúkọ ni àwọn méjèèjì fi jọra. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé kí á má se é rárá. Ìhà ibẹ̀ ni ewu wà.

Ní ọdún 1996, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, àwọn ènìyàn ra omi èso ápù tí a kò sè, nítorí wọ́n gbà pé èyí tí a kò sè ni ó ń ṣara lóore jù. Oríṣi bakitéríà kan tí a ń pè ní E. coli O157:H7 wà nínú rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ènìyàn tí ó ṣàìsàn. Ọmọdé kan sì kú. Ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin kan jáde pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe omi èso gbọ́dọ̀ lo ọ̀nà tí yóò dín kòkòrò àrùn kù tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé, nínú 100,000, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́kù. Òfin náà kò sọ pé iná ìdáná nìkan ni kí wọ́n lò. Ẹni tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun mú ìdínkù náà wá ní ọ̀nà mìíràn, ó ti ṣe ohun tí òfin béèrè. Ibi tí iná mànàmáná ti rí ọ̀nà wọlé nìyí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

2. Nípa àwọn orúkọ tí n ó lò

Ó yẹ kí á fi orúkọ lélẹ̀ kí á tó tẹ̀ síwájú. Láti ọdún 1970 tí Iṣẹ́ Ọdún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò tún sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé èdè wa kò lè gbé irú ẹrù yìí. Ohun tí ó kù ni pé kí á ṣàlàyé ohun tí a ní lọ́kàn dáadáa.

Bí a bá gbé irin pẹlẹbẹ méjì kojú ara wọn, tí a sì so wọ́n mọ́ iná mànàmáná, àlàfo tí ó wà láàárín wọn yí padà: ohunkóhun tí ó bá ní agbára iná lára tí ó bọ́ síbẹ̀, a ó fà á sí apá kan. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní sàkáání iná. Láti mọ bí ó ti le tó, a ó fi iye sẹ̀ǹtímítà tí ó wà láàárín irin méjèèjì pín iye fóltì tí ó wà lórí wọn. Bí fóltì bá jẹ́ 20,000, tí àlàfo sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, a ó sọ pé sàkáání iná náà jẹ́ fóltì 20,000 fún sẹ̀ǹtímítà kan.

Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí iná náà dúró síbẹ̀. Bí ó bá dúró, yóò mú ohun mímu hó, a ó sì padà sí ìdí ìkòkò tí a ti kúrò. Bí mànàmáná ṣe ń kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run tí ó sì ń parẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é: a tan iná, a pa á, láàárín ìdá mílíọ̀nù mélòó kan ti ìṣẹ́jú-àáyá, a sinmi díẹ̀, a tún tàn án. Nítorí náà ni mo ṣe pè é ní iná ìkọyẹ̀rì. Ìkọyẹ̀rì kan ni títàn kan.

3. Bí kòkòrò ṣe ń kú

Ìrònú pé kí á fi iná mànàmáná tún ohun mímu ṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1940, ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa fi iná mànàmáná gba inú wàrà kọjá kí ó lè gbóná. Ooru ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú èyí; iná mànàmáná kàn dípò igi ìdáná ni. Ìyàtọ̀ dé ní nǹkan bí ọdún 1960, nígbà tí Heinz Doevenspeck, ẹnjiníà ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná ìkọyẹ̀rì lórí oúnjẹ. Ní ọdún 1967, A. J. H. Sale àti W. A. Hamilton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ikú bakitéríà àti ìwúkàrà nínú sàkáání iná líle. Wọ́n fi hàn pé kì í ṣe ooru ni ó pa wọ́n, kì í sì í ṣe èròjà olóró tí iná bí sínú omi. Ohun méjì ni ó ń pinnu ikú wọn: bí sàkáání iná ti le tó, àti àpapọ̀ àkókò tí wọ́n lò nínú rẹ̀. Awọ ara sẹ́ẹ̀lì ni ó bàjẹ́.

Kí ni ó ṣe awọ yìí? Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Ara sẹ́ẹ̀lì dà bí àpò omi oníyọ̀ tí a gbé sínú omi oníyọ̀ mìíràn. Inú rẹ̀ ń gba iná kọjá, òde rẹ̀ náà ń gba iná kọjá, ṣùgbọ́n awọ tí ó là wọ́n láàárín jẹ́ ọ̀rá, kò sì fẹ́ gba iná kọjá. Bí sàkáání iná bá bò ó, agbára iná a rọ́ dé ẹ̀bá awọ náà, a sì kó jọ sí ìhà méjèèjì. Láti mọ iye fóltì tí ó ń tẹ awọ náà níbi tí ó ti pọ̀ jù, a ó mú ìdajì ìbú sẹ́ẹ̀lì, a ó fi sàkáání iná sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì tún fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀.

Bakitéríà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10,000 kan ti sẹ̀ǹtímítà, tí ó wà nínú sàkáání iná fóltì 20,000 fún sẹ̀ǹtímítà kan, fóltì 1.5 ni yóò wà lórí awọ rẹ̀. Fóltì 1.5 yìí kò ju ti òkúta tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lọ. Ẹni tí ó gbọ́ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n awọ náà fẹ́lẹ́ gan-an: nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mílíọ̀nù méjì kan ti sẹ̀ǹtímítà lọ. Fóltì kan péré lórí awọ tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ sàkáání iná fóltì mílíọ̀nù méjì fún sẹ̀ǹtímítà kan. Ní ọdún 1974, Ulrich Zimmermann àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Jülich ní Jámánì ṣàlàyé pé bí ohun tí ń tẹ awọ sẹ́ẹ̀lì bá ti tó nǹkan bí fóltì kan, awọ náà yóò lu. Bí ó bá lu, ohun inú a jò síta, ohun òde a wọlé, sẹ́ẹ̀lì a sì kú.

Láti inú ìṣirò kékeré yìí ni a ti lè rí ohun méjì. Èkíní, sẹ́ẹ̀lì ńlá a máa tètè kú ju kékeré lọ. Ìwúkàrà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti bakitéríà yẹn kò nílò ju nǹkan bí fóltì 2,700 fún sẹ̀ǹtímítà kan kí awọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu, nígbà tí bakitéríà nílò 13,000 ó lé díẹ̀. Èkejì, ohun tí kò bá ní irú awọ yìí, tàbí tí ó bá fi èèpo líle bò ó, yóò bọ́ lọ́wọ́ iná ìkọyẹ̀rì. N ó padà sí èyí.

4. Ẹ̀rọ tí ń ṣe é

Níbo ni a ó ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀? Èésú ni a fi lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ a máa dá díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá kan án, a kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì fi ṣe ohun tí owó ojúmọ́ kan kò lè ṣe. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ohun èlò tí a ń pè ní kapásítọ̀ ń ṣe fún iná mànàmáná. Ó ń gba iná díẹ̀díẹ̀ sára. Bí swíìṣì bá ti ṣí, a tú gbogbo rẹ̀ sínú ohun mímu tí ń ṣàn kọjá láàárín irin méjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi iye sí i. Ká ní iná fóltì 20,000 àti ámípíà 200 gba ohun mímu kọjá fún ìdá mílíọ̀nù méjì ti ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìwọ̀n àkókò yẹn, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì mílíọ̀nù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe kò ju júùlù 8 lọ. Bí ó bá kọ yẹ̀rì nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáàtì 800 ni a ń ná, èyí tí kò tó ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Bí ohun mímu bá nílò kílójúùlù 80 fún kílógíráàmù kan, ẹ̀rọ kékeré yìí yóò tún kílógíráàmù 36 ṣe ní wákàtí kan, ooru ohun mímu náà yóò sì fi nǹkan bí 19°C lé sí i. Bí ó bá wọlé ní 30°C, yóò jáde ní nǹkan bí 49°C, ẹ̀yìn èyí ni a ó tù ú. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ń jẹ́ Genesis Juice, ní ìlú Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi èso tí a fi ọ̀nà yìí tún ṣe, àwọn ni a sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé e dé ọjà. Lónìí, ibi tí ẹ̀rọ náà ti gbilẹ̀ jù kì í tilẹ̀ ṣe ohun mímu. Ilé-iṣẹ́ tí ń din ànàmọ́ òyìnbó ni. Sẹ́ẹ̀lì ànàmọ́ tóbi, nítorí náà nǹkan bí fóltì 1,000 fún sẹ̀ǹtímítà kan ti tó láti lu ú, kí ànàmọ́ lè rọ̀ fún ọ̀bẹ.

5. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ohun tí ó fún ọ̀nà yìí lágbára náà ni ó pààlà fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé awọ sẹ́ẹ̀lì lè lu. Ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà kan wà tí ó jẹ́ pé, bí ìyà bá ń jẹ wọ́n, wọn a ká ara wọn kò, wọn a sì di ohun kan tí a ń pè ní sípóọ̀, bí hóró èso tí ó sùn nínú èèpo líle. Iná ìkọyẹ̀rì kì í ran sípóọ̀. Nínú omi ọsàn, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ burú, nítorí pé kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí sípóọ̀ tí a ń bẹ̀rù jù jí. Nínú wàrà tàbí ọbẹ̀ tí kò kan, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọgbẹ́ kò ju ọgbẹ́ lọ. Bí sàkáání iná kò bá le tó, awọ tí ó lu yóò tún padà dí, sẹ́ẹ̀lì yóò sì yè. Àwọn onímọ̀ mìíràn tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ lo èyí: ní ọdún 1982, Eberhard Neumann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lu awọ sẹ́ẹ̀lì eku ní ìwọ̀nba, wọ́n gba ibẹ̀ fi àbùdá tuntun sínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì wà láàyè. Ohun tí ó jẹ́ àǹfààní fún wọn jẹ́ ewu fún ẹni tí ń ta omi èso. Ẹni tí ó bá dín fóltì kù kí owó iná má baà pọ̀ kò pa kòkòrò. Ó kàn ṣe é léṣe kí ó tó lọ sínú ìgò ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn èròjà inú èso tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù kò ní awọ tí a lè lu. Púpọ̀ nínú wọn a máa ṣẹ́kù, wọn a sì máa ba adùn àti àwọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ohun mímu kò bá wà ní títutù.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ìnáwó. A máa ń gbọ́ pé ọ̀nà yìí ń dín agbára iná kù. Láti mú kílógíráàmù wàrà kan kúrò ní 4°C dé 72°C, nǹkan bí kílójúùlù 285 ni a nílò. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a máa fi wàrà gbígbóná tí ń jáde mú èyí tí ń wọlé gbóná. Bí ó bá rí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbà padà, kò ní ná ju 29 lọ. Kílójúùlù 80 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe owó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Nítorí adùn àti òórùn ni ó fi yẹ kí á ra ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe nítorí àwíjàre pé ó ń ṣọ́ owó ná.

6. Ohun tí ó kàn wá

Ẹ jẹ́ kí á gbé e ka orí ẹmu. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìwúkàrà ń tètè kú lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, a ti rí ọ̀nà tí ẹmu òwúrọ̀ yóò fi dé ìlú òkèèrè láìkan. Mo rọ̀ yín kí á má kánjú.

Ẹmu ń hó, ó sì ń yọ fóòmù. Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Sàkáání iná inú ihò afẹ́fẹ́ a máa le ju ti ohun mímu tí ó yí i ká lọ, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kì í lè fara da ju nǹkan bí fóltì 30,000 fún sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iná a ta pà, a jó irin, a sì ba ohun mímu jẹ́. Dandan ni kí á kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ ẹmu jáde, ara adùn rẹ̀ sì ni ìhó yẹn í ṣe. Lẹ́yìn èyí, iye kòkòrò wà níbẹ̀. Bí a bá ní 100,000,000 nínú mìlílítà ẹmu kan, ìdínkù tí òfin Amẹ́ríkà béèrè yóò ṣì fi 1,000 sílẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún kan yìí bá ń di ìlọ́po méjì ní wákàtí méjì-méjì nínú ooru wa, kò ní pé ọjọ́ méjì kí wọ́n tó padà sí iye àtijọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Iná tí a fi ń pa kòkòrò kò pọ̀. A ti rí i pé kò tó ti áyọ́ọ̀nù. Èyí tí ó pọ̀ ni iná tí a ó fi mú ohun mímu náà tutù láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀ dé ìsọ̀, láti ìsọ̀ dé ilé ẹni tí yóò mu ún. Ohun mímu tí a sè nínú ìgò tí a dé pa lè dúró lórí àtẹ nínú òòrùn. Èyí tí a fi iná ìkọyẹ̀rì tún ṣe kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí iná ìjọba bá ń lọ tí ó ń bọ̀, àdéhùn tí a bá ẹni tí ń mu ún ṣe lè já lójú ọ̀nà, kò sì ní mọ̀, nítorí pé ìgò kì í sọ̀rọ̀.

Ǹjẹ́ ohun tí mo ń sọ ni pé kí á pa ojú dé? Rárá o. Èrò mi ni pé kí á tò ó létòlétò. Kí á kọ́kọ́ mú omi mímọ́, ọwọ́ mímọ́ àti ìgò mímọ́ dá ara wa lójú, nítorí pé ẹ̀rọ kò lè fọ ìgò tí ó dọ̀tí lẹ́yìn tí ohun mímu ti kọjá lára rẹ̀. Kí á jẹ́ kí iná ìdáná máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí wàrà àti ohun mímu ọmọdé. Kí àwọn yàrá ìwádìí wa sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kíkan bí omi ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó, ní ibi tí ètò títutù bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n ka iye kòkòrò tí ó kú fúnra wọn. Iye tí a kà ní Ohio tàbí ní Jámánì kò lè dúró fún ọsàn tiwa, nítorí pé iyọ̀ inú rẹ̀, kíkan rẹ̀ àti kòkòrò inú rẹ̀ lè yàtọ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mànàmáná ti fi ara hàn pé òun lè ṣe iṣẹ́ tí ooru ń ṣe láìmú adùn lọ. Àwa ni ó kù sí lọ́wọ́ láti mọ ibi tí a lè rán an àti ibi tí kò yẹ kí á rán an. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.